Ní Apo Ni Ẹ́ńjìnnì Ti Ń Darúgbó

Àwọn tó ń ṣe mọ́tò kò ṣe é fún wa. Mo fẹ́ fi èyí ṣáájú, nítorí pé orí rẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dúró lé. Ọkọ̀ tí wọ́n ń tò pọ̀ lónìí fún ará Amẹ́ríkà tàbí ará Jámánì, ó di ọdún mẹ́wàá, méjìlá, kó tó fi Cotonou tàbí Tin Can wọlé, kó tó gòkè dé Abuja. Àwọn ló ni ìgbà èwe rẹ̀, àwa la ni ogbó rẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ ńlá kan bá wá kéde irú ẹ́ńjìnnì tí wọn yóò máa ṣe lọ àti èyí tí wọn yóò pa tì, àwọn tí ọ̀rọ̀ náà máa kàn jù lọ wà nídìí àtúnṣe ọkọ̀, ní Apo àti Kugbo l'Abuja, ní Sabon Gari Kano. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n sí ìpàdé náà.

Mo máa ń gbọ́ oríṣiríṣi èrò lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Sátidé, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n kan tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Apo. Ọmọ Ọ̀fà ni, kò sì gbà pé wọ́n tún ṣe ọkọ̀ gidi lẹ́yìn Camry V6, onísìlíńdà mẹ́fà. Bàbá Ìbejì, mẹkáníìkì ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń bójú tó ọkọ̀ mi, ní ẹ́ńjìnnì tí sípánà àti làákàyè kò bá ká, kò yẹ kí èèyàn fowó ra á. Àbúrò kan wà láàárín wa tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Wuse, ọkọ̀ oníbátìrì nìkan lọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọ Kabba kan tó ń fi takisí ná Kubwa sí Berger ti fi CNG, gáàsì tí wọ́n fún pọ̀ sínú sìlíńdà, sí ọkọ̀ tirẹ̀, ó sì ti bọ́ lọ́wọ́ iyàn. Mo ti fara balẹ̀ gbọ́ gbogbo wọn. Kò sí èyí tó ń parọ́ nínú wọn. Ọ̀nà tí oníkálukú ń wa ọkọ̀ gbà àti owó tó wà lápò rẹ̀ ló ń bá wa sọ̀rọ̀.

Kaduna ni wọ́n bí mi sí, olùkọ́ ìjọba ni bàbá mi níbẹ̀, nítorí náà Peugeot 504 ni mo kọ́kọ́ fi mọ ohun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Kaduna. Ní 1968 ni 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé, ó gba oyè ọkọ̀ ọdún ní Yúróòpù ní 1969. Àwọn Faransé dá ṣíṣe rẹ̀ dúró lọ́dọ̀ wọn ní 1983. Kaduna ṣì ń to tirẹ̀ pọ̀ lẹ́yìn ọdún 2000.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó mú kó pẹ́ láyé. Sìlíńdà inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò lẹ̀ mọ́ búlọ́ọ̀kù. Sílífù ni, ọ̀pá irin oníhò tí wọ́n ki bọ inú búlọ́ọ̀kù, tí omi rédíétọ̀ ń yí ká lóde. Bí sílífù bá jẹ, mẹkáníìkì á tú orí ẹ́ńjìnnì, á fa ti àtijọ́ yọ, á ki tuntun bọ̀ ọ́ pẹ̀lú písítìnnì àti ríìngì rẹ̀, lábẹ́ igi máńgòrò, kò ní gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni tó ní ẹ̀rọ ńlá. Mo rí i tí wọ́n ń ṣe é bẹ́ẹ̀ ní Tudun Wada nígbà tí mo wà ní kékeré, ọkọ̀ náà á sì padà sójú ọ̀nà Zaria bíi pé kò sí ohun tó ṣe é rí. Káábúrétọ̀ rẹ̀, tó ń po epo mọ́ atẹ́gùn, ẹni tó bá ṣáà ti ní sùúrù á tú u, á fọ̀ ọ́, á dá a padà. Ohun tí mo ń pè ní ẹ́ńjìnnì rere nìyẹn: èyí tó jẹ́ pé nígbà tó bá darúgbó, ẹni tó wà nítòsí lè tún un ṣe.

Ẹ wá gbé Camry tí a ń pè ní Muscle sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ti 2007 sí 2011, tó kún Abuja títí dòní. Ẹ́ńjìnnì 2.4 tó wà nínú ti 2007 sí 2009, èyí tí Toyota ń pè ní 2AZ-FE, ni wọ́n mọ̀ mọ́ mímu ọ́ìlì. Ríìngì tó yẹ kó máa nu ọ́ìlì kúrò lára sìlíńdà kì í nù ún tán, ọ́ìlì á sì máa jóná pọ̀ mọ́ epo. Toyota mọ̀, ó sì ṣètò àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó ra tirẹ̀ ní Zuba kò sí nínú ètò yẹn. Àlùmíníọ́ọ̀mù sì ni búlọ́ọ̀kù rẹ̀, inú ibi tí wọ́n ti ń dà á ni wọ́n ti rọ irin sìlíńdà mọ́ ọn, kò ṣe é fà yọ bíi ti 504. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Bàbá Ìbejì máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá gbé e wá: "Ọ̀gá mi, ẹ máa yẹ ọ́ìlì wò ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, tàbí kí ẹ jẹ́ ká lọ wá ẹ́ńjìnnì Bẹ́líjíọ́ọ̀mù."

Ẹ̀gbọ́n wa ọmọ Ọ̀fà á ní kí wọ́n ti ra V6 látìbẹ̀rẹ̀. Mi ò lè bá a jiyàn pé ẹ́ńjìnnì yẹn dára. 2GR-FE ni orúkọ rẹ̀, lítà 3.5, agbára ẹṣin 268. Ṣéènì ló ń yí i nínú, kì í ṣe béèlì rọ́bà tó ń já. Kò ní tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ti atẹ́gùn púpọ̀ wọ ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ láti Zuba gba ọ̀nà Kaduna, ohùn tó ń ti iwájú wá yẹn máa ń wù mí gbọ́, mo sì mọ̀ pé irú rẹ̀ kò ní pẹ́ tán nílé ayé. Ṣùgbọ́n epo ti dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ rú.

Ní 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Tinubu sọ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Ṣáájú ọjọ́ yẹn, lítà kan kò tó ₦200 ní ilé epo ìjọba. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó di ₦537 ní Abuja, ó di ₦617 ní oṣù Keje, nígbà tó sì fi máa di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti wọ ₦1,030. Táǹkì Camry Muscle gba nǹkan bí lítà 70. Ẹ ṣírò rẹ̀: ohun tí kò tó ₦14,000 di ₦72,100, nínú ọdún kan náà tí wọ́n sọ owó oṣù tó kéré jù lọ di ₦70,000. Òṣìṣẹ́ kan lè gbé gbogbo owó oṣù rẹ̀ dání lọ sílé epo kí táǹkì má sì kún. Láti ìgbà yẹn ni iyàn ẹ́ńjìnnì ti di ọ̀rọ̀ oúnjẹ ní Abuja. Àwọn tí kò mọ ibi tí púlọ́ọ̀gì wà rí ń bi mí nísinsìnyí pé lítà mélòó ni ọkọ̀ kan ń mu lórí kìlómítà 100.

Ohun tí àwọn aṣemọ́tò fi dáhùn sí ọ̀rọ̀ epo lọ́dọ̀ tiwọn ni pé kí ẹ́ńjìnnì kéré, kí wọ́n fi tọ́bò lé e, kí wọ́n sì máa fín epo tààrà sínú sìlíńdà. Ní ilẹ̀ wọn, ó ṣiṣẹ́. Mi ò rò pé ó bá ogbó mu lọ́dọ̀ wa. Bí epo bá ń tààrà wọ sìlíńdà, kò sí epo tó ń fọ ẹ̀yìn fáàlù, ilẹ̀kùn tí atẹ́gùn ń gbà wọ sìlíńdà, mọ́, dúdú á bẹ̀rẹ̀ sí í dì síbẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì á fi máa gbọ̀n. Pọ́ńbù rẹ̀ ń ti epo pẹ̀lú agbára tó ga gan-an, ìdọ̀tí kékeré tàbí omi díẹ̀ tó láti bà á jẹ́. Ta ló wá máa dá wa lójú nípa epo? Ní oṣù Kejì ọdún 2022, epo tí methanol, irú ọtí kan, pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè yìí, ìlà ilé epo ní Abuja gùn láti òpópónà dé òpópónà, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sì dákẹ́ sójú ọ̀nà. Mo yin Toyota fún ohun kan níbí: nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó ń fín epo tààrà, ó fi ínjẹ́kítọ̀ kejì sí ẹnu ọ̀nà fáàlù kí epo lè máa fọ̀ ọ́. Ẹni tó ronú báyẹn ti ro ti ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún ọkọ̀ náà mọ́ ọn.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀rọ̀ ètò àwọn ilé iṣẹ́, níbi tí a ti máa ń pariwo mọ́ra wa jù lọ. Ní 2021, Volvo kéde pé tó bá fi máa di 2030, ọkọ̀ oníbátìrì nìkan ni òun yóò máa tà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ó yíhùn padà. Mercedes náà sọ irú rẹ̀ ní 2021, ó sì sún un síwájú ní 2024. Ẹ̀ka ọkọ̀ oníbátìrì Ford pàdánù bílíọ̀nù 4.7 dọ́là ní ọdún 2023 nìkan. Volkswagen, tí wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ń fi kọ̀ǹpútà rẹ́ àyẹ̀wò èéfín dísẹ́ẹ̀lì jẹ ní 2015, nínú ọkọ̀ bíi mílíọ̀nù 11, sá kúrò nídìí dísẹ́ẹ̀lì lọ sídìí bátìrì pẹ̀lú ìkánjú. Gbogbo àsìkò yẹn ni wọ́n ń bú Toyota, tí kò sáré lọ sídìí bátìrì, pé ó ti di àgbà tí kò mọ ohun tó ń lọ.

Toyota ní ìṣirò kan tí mo máa ń tún sọ fún àbúrò wa ti Wuse. Ohun èlò tí wọ́n máa fi ṣe bátìrì ọkọ̀ oníbátìrì kan ṣoṣo tó ń rìn jìnnà, ó tó bátìrì hybrid, ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì epo àti bátìrì jọ ń wà, mẹ́fà irú èyí tí a ń ki bọ iná, ó sì tó ti hybrid lásán 90. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, Akio Toyoda, alága wọn, sọ pé bó ti wù kí ọkọ̀ oníbátìrì gbilẹ̀ tó, kò ní ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, Toyota, Mazda àti Subaru jọ jáde láti sọ pé àwọn ṣì ń ṣe ẹ́ńjìnnì tuntun, tó kéré, tó lè bá bátìrì rìn, tó sì lè jẹ epo míì yàtọ̀ sí bẹntiróòlù. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Mo gba ti Toyota lórí èyí tọkàntọkàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò tẹ̀ lé e dé ìdí háídírójìn. Láti 2014 ni Mirai, ọkọ̀ Toyota tó ń lo háídírójìn, ti wà, 700 bar ni táǹkì rẹ̀ ń gbà (bar ni wọ́n fi ń wọn bí gáàsì ṣe fún pọ̀ tó), ilé iṣẹ́ tó máa gbé irú pọ́ńbù bẹ́ẹ̀ wá sí Gwagwalada kò tíì sí lójú ọ̀run mi.

Àbúrò wa kì í gbà. Á ní kí n wo Ṣáínà: ní oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn ọdún 2023, BYD ta ọkọ̀ oníbátìrì ju Tesla lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n BYD yẹn kan náà ń ta hybrid tí a ń ki bọ iná lọ bí omi, kò fi gbogbo ọkàn rẹ̀ sí ibì kan. Àwọn tó bú Toyota kò rántí ìyẹn.

Ẹ lọ dúró ní Nyanya láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, ní àsìkò tí Mararaba àti Karu ń tú dà sójú ọ̀nà kan náà. Gbogbo ẹ́ńjìnnì ń jó lórí ìdúró, ẹ́ẹ̀sì ń ṣiṣẹ́, epo ń tán, kò sẹ́ni tó ń lọ síbì kankan. Inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ yẹn ni hybrid ti ń fi ara rẹ̀ hàn. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á kú, bátìrì á máa sún ọkọ̀ náà díẹ̀díẹ̀, ẹ́ẹ̀sì kò ní dákẹ́. Bí ẹ bá tẹ bírékì, agbára tí ọkọ̀ míì ń sọ di ooru lásán á padà sínú bátìrì. Camry hybrid ti 2018 lè fi nǹkan bí lítà 5 rin kìlómítà 100, Muscle 2.4 ń wá nǹkan bí 10. Bàbá Ìbejì kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, ó ní ohun tó ní wáyà púpọ̀ kò ní jẹ́ kí èèyàn sùn. Mo fi ohun tí kò ní hàn án: hybrid ti Toyota kò ní sítátà, kò ní ọ́tánétọ̀, jíà rẹ̀ kò ní àwọn béèlì àti kílọ́ọ̀ṣì tó máa ń jẹ. Mọ́tò iná méjì àti jíà kéékèèké tó ń yí ara wọn ká ló wà níbẹ̀. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó wá ní, "Ìyẹn ni pé ohun tó ń mú wọn wá sọ́dọ̀ mi ni wọ́n yọ."

Bátìrì ni ẹ̀rù gbogbo ayé, ó sì yẹ kí ẹ̀rù rẹ̀ bà wá. Òun náà á darúgbó, ooru ló sì ń pa á jù. Ohun kan wà tí ó kan apá Àríwá níbí, tí ìwé tí wọ́n kọ fún ará Amẹ́ríkà kò fi bẹ́ẹ̀ tẹnu mọ́: fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí bátìrì ń fa atẹ́gùn rẹ̀ láti inú ọkọ̀, ihò rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Ẹ rò ó wò nígbà ọyẹ́, nígbà tí ekuru bá bo gbogbo Abuja, tí ọ̀nà Kano kò sì hàn. Eruku á dí fáànù yẹn, bátìrì á máa gbóná, ẹni tó ni ọkọ̀ á ní hybrid kò dáa. Ẹ máa tú u fọ̀ lẹ́yìn ọyẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe kó ẹrù lé ihò náà lórí.

Ní ti CNG, ọmọ Kabba wa kò nílò kí n gbèjà òun. Nígbà tí ètò CNG ti Ààrẹ ń gbilẹ̀ ní 2024, tí wọ́n ń fi í sí ọkọ̀ èrò lọ́fẹ̀ẹ́, ₦230 ni wọ́n ń ta kúbíìkì mítà kan, ìyẹn sì fi díẹ̀ ju lítà epo kan lọ nínú agbára. Nígbà yẹn, ohun tí ẹlòmíì ń ná ₦10,000 lé lórí, díẹ̀ lé ní ₦2,000 ló ń ná. Ẹ́ńjìnnì fẹ́ràn gáàsì yẹn, ó ń jó mọ́, octane rẹ̀, ìyẹn bí kò ṣe ní tètè bú ṣáájú àkókò nínú ẹ́ńjìnnì, ga ju ti epo lọ dáadáa. Ọkọ̀ á fi epo ṣíná, bó bá gbóná tán á kọjá sórí gáàsì. Ó máa pàdánù agbára díẹ̀, búùtù rẹ̀ á sì di ti sìlíńdà gáàsì.

Sìlíńdà yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò. Táyà ọkọ̀ ń gba nǹkan bí 2.2 bar. Sìlíńdà CNG ń gba 200. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ọ̀kan bú ní Benin, àwọn èèyàn fara pa. Àwọn aláṣẹ ní sìlíńdà tí wọ́n jó mọ́ra wọn ni, kò sì yẹ fún CNG rárá. Àwọn kan sì pariwo nígbà yẹn pé Malaysia fẹ́ fòpin sí ọkọ̀ onígáàsì láti oṣù Keje ọdún 2025, pé kí ló dé tí àwa ń bẹ̀rẹ̀. Ìdí tí ìjọba Malaysia sọ ni pé sìlíńdà ń lo ọdún 15, ọ̀pọ̀ tiwọn ti kọjá bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí a kọ ọjọ́ orí sìlíńdà sára ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan láti òní. Gáàsì ni Ọlọ́run fún wa, ọ̀pá AKK tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2020, kìlómítà 614 láti Ajaokuta gba Abuja àti Kaduna dé Kano, sì lè gbé e dé ẹnu ọ̀nà Àríwá.

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ Kano, mo máa ń rántí pé níbi àfihàn ńlá Paris ní 1900, epo ẹ̀pà ni wọ́n fi wa ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kan, Rudolf Diesel fúnra rẹ̀ sì kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé nítorí àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tó ń gbin ẹ̀pà ni. Ilẹ̀ Kano á wá to àpò ẹ̀pà bí òkè lẹ́yìn ìyẹn, ojú irin á sì kó gbogbo rẹ̀ lọ sí òkun. Brazil bẹ̀rẹ̀ ètò epo ìrèké ní 1975. Láti 2003 ni ọkọ̀ tó ń jẹ bẹntiróòlù àti ọtí ìrèké pọ̀ ti ń jáde níbẹ̀. Àwa là ń gbin ẹ̀gẹ́ jù láyé, wọ́n sì lè yọ irú ọtí bẹ́ẹ̀ lára ẹ̀gẹ́.

Ọkọ̀ oníbátìrì, kí n má baà ṣe àìdáa sí àbúrò wa, ní ibi tó bá Àríwá mu. Ní 2021, Yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní Sokoto ni wọ́n ṣí ibi ìgbaná ọkọ̀ tó ń lo oòrùn sí. Ní Maiduguri, Mustapha Gajibo yọ ẹ́ńjìnnì epo kúrò nínú bọ́ọ̀sì kéékèèké, ó fi bátìrì sí i, nínú ìlú tí iná ìjọba pẹ́ láìdé nígbà kan. Oòrùn kò wọ́n wa. Iná ìjọba ló wọ́n: ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n gbé ti Band A, àwọn tí wọ́n ń fún níná jù lọ, dé ₦225 lórí ìwọ̀n iná (kWh) kan, waya orílẹ̀-èdè sì ń já léraléra lọ́dún náà. Bọ́ọ̀sì tó ń ná ọ̀nà kan náà lójoojúmọ́, tó ń sun sábẹ́ pánẹ́ẹ̀lì oòrùn, mo rí i kedere. Ọkọ̀ ẹbí tó ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ fún ìsinmi ọdún, n kò tíì rí i.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ kò pọ̀. Kí hybrid tàbí ọkọ̀ oníbátìrì kankan má wọ èbúté láìsí ìwé tó sọ bí bátìrì rẹ̀ ṣe le tó. Wọ́n máa ń ka kìlómítà ọkọ̀ fún wa, a sì ti mọ̀ pé wọ́n máa ń yí i padà. Bátìrì kò rọrùn láti yí bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n sì dá ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún mẹkáníìkì ní Apo àti Kugbo, ní èdè tí wọ́n gbọ́, nítorí pé wáyà aláwọ̀ ọsàn inú hybrid ń gbé iná tó lè pa èèyàn. Hybrid ni èmi ń wá báyìí, èyí tí fáàlù rẹ̀ ṣì ń rí epo. Ẹ̀gbọ́n wa ṣì wà lórí V6. Bàbá Ìbejì ti ra ìbọ̀wọ́ rọ́bà oníná, ó sì ti rán ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tó mọ ìwé jù lọ sọ́dọ̀ rẹ́wáyà kan tó mọ iṣẹ́ bátìrì. Ẹ̀rọ tó ń ka agbára sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ló kù tí wọ́n ń kó owó jọ fún.